Ìpín Omi

Ní abúlé wa l'Ómánì, lẹ́sẹ̀ òkè tí koríko kì í hù lórí rẹ̀,
ọdún mìíràn wà tí òjò kì í mọ ọ̀nà ilé wa.
Abẹ́ ilẹ̀ ni omi ń gbà wá,
nínú ihò tí àwọn baba ńlá fi òòlù àti bísímílà gbẹ́,
ó ń yọ́ rìn bí ìyá tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Bàbá mi àgbà, Kalfani ọmọ Saarani, ló ń pín in.
Kò ní aago. Lọ́sàn-án, ó ní ọ̀pá kan tí òjìji rẹ̀ ń sọ̀rọ̀;
lóru, ó ní ìràwọ̀.
Kí èyí yọ lẹ́yìn àpáta, omi di ti Muhana;
kí ìkejì yọ, omi di ti àwọn ọmọ òrukàn Tuweni.
Omi ò lọ́tàá, òtítọ́ ni,
ṣùgbọ́n ó lólólùfẹ́ púpọ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀bẹ sábẹ́ aṣọ.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo bi í pé,
"Bàbá, níbo ni Ọlọ́run wà?"
Ó ní kí n ti ọwọ́ bọ omi nínú òkùnkùn.
"Kí lo rí?"
"N kò rí nǹkan kan."
"Kí ló wá ń ti ọwọ́ rẹ?"
Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé mo ti mọ ìdáhùn.
Ó ní, "Rárá o. Omi nìyẹn, ẹ̀dá bí tìẹ ni.
Ẹni tó dá a kò jọ ọ́, kò jọ ohunkóhun.
Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé ojú kọ́ ni olórí ìmọ̀."

Òru kan, ìkuukùu bo sánmà láti òkè dé òkè.
Omi wà lóko wa. Àwọn igi dàbínù wa ń mu, wọ́n ń mu,
kò sì sẹ́ni tó lè ní àsìkò ti pé:
Muhana ti sùn, ìyá àwọn ọmọ òrukàn ti sùn,
ìràwọ̀ pàápàá ti fi aṣọ bojú.
Bàbá dìde. Ó fi àkísà àti òkúta dí ojú omi wa,
ó ṣí tiwọn.
"Bàbá, kò tíì tó!"
"Bóyá," ó ní. "Kí n jẹ ara mi ní gbèsè sàn ju kí n jẹ wọ́n.
Ìkuukùu bo ìràwọ̀ mọ́ mi lójú ni,
kò bò mí mọ́ Ẹni tó ni ìràwọ̀."

Lọ́nà ilé ló ti sọ fún mi
pé àwọn òkè yìí, bí wọ́n ti le tó, sá fún ẹrù àmánà;
amọ̀ tí a fẹ́ èémí sí ló na ọwọ́ gbà á.
Mo ní, "Ṣé ọgbọ́n nìyẹn àbí agọ̀?"
"Méjèèjì. Gbé fìtílà sókè, ẹ̀gún wà níbí."

Omi yẹn náà la fi wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú.
Òkúta méjì péré, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, kò sí orúkọ.
Mo wò ó, mo rí i pé bí omi wa la ti rí:
a ti inú òkùnkùn jáde, a rí oòrùn díẹ̀,
a bomi rin ohun tí a lè bomi rin,
a tún wọlẹ̀.
Ọ̀kan ṣoṣo ni kì í ṣàn, tí kì í gbẹ,
Òun ló ni ìpín, Òun ló ni ẹni tó ń pín.

Mọ́sìkátì ni mo ń gbé báyìí, ara ògiri lomi ti ń jáde.
Lánàá, kí Àsùbáà tó wọlé, mo ń ṣe àlùwàlá,
mo ń ronú owó ilé, omi ń ya dànù.
Kò sẹ́ni nílé. Ọwọ́ mi na ara rẹ̀, ó tì í pa.
Ọkàn mi ní, kò tíì tó.
Mo ní, bóyá.