Wá Sọ

Wausau ni wọ́n kọ sára pátákó ìlú.
Létí èmi, ọmọ Ìkirè, “Wá sọ” ni.
Mo bi ọkùnrin tó gbà mí síṣẹ́: kí ni kí n wá sọ?
Kò yé e. Ó ní kí n bọ́ kóòtù, kí n jókòó,
ó gbé àpótí ìwé kan ka iwájú mi.

Ọdún mọ́kànlá nìyẹn.
Bí oṣù kẹta bá ti ń kanlẹ̀kùn,
tí odò Wisconsin ṣì dì gbagidi bí irin,
lẹ́tà á máa wọlé.
Ilé-iṣẹ́ wàràkàṣì tó wà lẹ́yìn réluwéè:
amóníà, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án pọ́n-ùn.
Ilé omi ẹ̀rọ: kíloríìnì, sílíńdà mẹ́fà.
Àwọn tó ń fi igi ṣe bébà: ásíìdì, táǹkì méjì,
ọ̀kan ti dípẹtà
(ìyẹn kò sí nínú ìwé, ojú mi ló rí i).

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní èrè tí wọ́n jẹ.
Ìbéèrè ìpínlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ:
kí lẹ kó sílé tó lè pa aládùúgbò?
Ẹ wá sọ. Kí ẹ sì san owó ìṣọ́ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Zastrow, oníwàràkàṣì,
a máa mú ṣẹ́ẹ̀kì tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀
kó lè rí ẹni tí yóò bínú sí.
“Ọgbọ̀n ọdún! Páìpù kan ò bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí.
Kí ni mò ń sanwó sí?”
Mo fún un ní rìsíìtì.
Bí a ṣe ń sọ fún ènìyàn pé a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn
kò sí nínú èdè tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́.

Owó náà kì í pọ̀. Lọ́dún tó kọjá
ó ra ìbòmú mẹ́jọ,
ó ra aṣọ rọ́bà aláwọ̀ ewé tó ń sọ ènìyàn di ọ̀pọ̀lọ́,
ó ra epo ọkọ̀ fún ìdánrawò ọjọ́ Àbámẹ́ta kan,
níbi tí Nhia Thao, tó ń gbin jinsẹ́ǹgì,
tó ń ṣe panápaná láìgba kọ́bọ̀,
ti kọ́ ohun kan ṣoṣo: amóníà ń wá omi.
Ó ń wá a nínú ẹyinjú, nínú ọ̀fun, lábẹ́ abíyá.
Bí o kò bá fún un lómi níta,
á wọlé wá mu tìrẹ.

Òru ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ni páìpù bẹ́.
Kò pariwo.
Ìkùukùu funfun kan yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn,
ó ń fàyà fà lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó.
Fèrè ìkìlọ̀ han. Àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ fèrèsé tí wọn yóò tì.
Nhia wọ aṣọ ọ̀pọ̀lọ́, ó di ọ̀pá omi mú,
ó ta omi síwájú ìkùukùu náà bí aṣọ ìkélé,
wákàtí mẹ́ta ó lé.
Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù:
òwe ni mo pè é láti kékeré.
Èmi ò mọ̀ pé iṣẹ́ panápaná ni wọ́n ń kọ́ wa.

Ẹ má bi mí pé ta ló kú. Ajá kan.
Eliseo tó ń fọ ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà lálẹ́
kò tíì fi ojú ọ̀tún rí ọmọ rẹ̀ dáadáa.

Oṣù kẹta tún dé.
Zastrow kò wá fúnra rẹ̀, lẹ́tà ló fi ránṣẹ́.
Ṣẹ́ẹ̀kì wà nínú rẹ̀, owó pé,
àmọ́ ibi tó yẹ kó kọ iye amóníà sí,
òfo ló fi sílẹ̀. Bóyá ìtìjú ni. Bóyá lọ́yà rẹ̀ ni.
Mo gbé fóònù. Ó dún títí.
Mo gbọ́ tó mí sínú rẹ̀, kò sọ̀rọ̀.
“Ọ̀gbẹ́ni Zastrow,” mo ní, “èmi náà ni.
Ẹ wá sọ.”