Aago Mẹ́wàá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Èmi ni mo ń kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà
ní ilé ìwòsàn kékeré tó kọjú sí òkun ní erékùṣù Hiiumaa,
níbi tí òtútù ti ń sọ omi di òkúta
tí ọkọ̀ ojú omi á sì dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.
Mo mọ ẹni tó ń wúkọ́. Mo mọ ẹni tó ń díbọ́n.

Endel a máa dé ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méje,
apẹja àná, tí bàtà rẹ̀ ń já yìnyín sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.
"Orúnkún ni," ni ó wí.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, etí ni. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀,
ohun kan tí kò lórúkọ, tó ń rìn láàárín èjìká méjèèjì.
Ẹja yíyan wà nínú bébà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

Dókítà Pihlakas á ti ilẹ̀kùn.
Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìjọba yọ̀ǹda fún ẹnì kọ̀ọ̀kan;
Endel á lo ogójì.
Àwọn tó jókòó á máa wo aago, wọ́n á máa wò mí,
bí ẹni pé èmi ni mo so ọwọ́ aago mọ́lẹ̀.

Ó jáde. Mo bi dókítà: "Kí ló ń ṣe é gan-an?"
Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe orúnkún yẹn.
Láti ìgbà tí Helmi ti kú, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ bí a ti ń dá àìsàn mọ̀;
wàyí o, etí lásán ni mo fi ń ṣiṣẹ́.
Mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ dókítà nìyẹn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá Endel ní ibùdókọ̀.
"Bàbá, ṣé oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́?"
Ó rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́ta.
"Oògùn wo? Ó wà nínú àpótí, mi ò tíì já ọ̀rá rẹ̀.
Ṣé ẹ rò pé òun ló ń wò mí ni?
Èmi ni mò ń wò ó.
Ọmọ ìlú ńlá, kò lọ́kọ, kò tilẹ̀ lájá,
iná fèrèsé rẹ̀ kì í kú lóru.
Bí n kò bá mú àìsàn kan dání,
kí ni n óò ní mo wá ṣe?"

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.
Mo ti kọ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀:
Endel, aago mẹ́wàá, èjìká òsì, ogójì ìṣẹ́jú.
Níbi tó yẹ kí n kọ orúkọ aláìsàn sí,
bírò mi dúró díẹ̀.