Lẹ́tà Ọjọ́ Ajé

Gudveig, má tíì gbé oògùn yẹn mì.
Ẹ̀jẹ̀ ni kó kọ́kọ́ jáde, kí oògùn tó wọlé.
Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní erékùṣù Træna,
òkùnkùn ṣì jókòó sórí òkun,
oòrùn ò níí yọjú títí di ọ̀sán,
bó bá sì yọ, á dà bí ẹni tó wá yáwó.
Mo ti gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kalẹ̀.
Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, àbúrò mi,
ọwọ́ tó tutù kì í lawọ́.

Mo mọ ọwọ́ yìí kó tó di ọwọ́ aláìsàn.
Ó máa ń yọ ìfun ọgọ́rùn-ún ẹja kí ilẹ̀ tó mọ́,
á so wọ́n kọ́ sórí igi, kí afẹ́fẹ́ gbẹ wọ́n di pánlá.
Ọ̀bẹ ò bà á lẹ́rù rí.
Ṣùgbọ́n wo abẹ́rẹ́ inú ike búlúù yìí,
kò tó eyín ẹja,
o dijú, o ń ka oókan, eéjì, o dúró ní eéjì,
o tún bẹ̀rẹ̀.

Tá!
Ìwé ní ká nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ dànù. A nù ún.
Èkejì wú lórí ìka rẹ bí èso igbó pupa,
ó rọ̀, ó rọ̀, kò já.
A ò gbọdọ̀ fi ìka kan bébà,
a kàn ń wò ó bí ẹni tó ń retí kí ọmọdé jẹ́wọ́.
Ó já. Ó kún ojú róbótó kìíní.
Ìkejì. Ìkẹta.
Ìkẹrin ni ológbò fò sórí tábìlì, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
O bú u, o bú mi, o tún na ìka mìíràn.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo fún ọ ní kíndìnrín.
Mi ò sọ ọ́ láti fi ṣe yangàn.
Mo kàn ń rò ó pé ẹ̀jẹ̀ tó ń kán yìí
ti gba ọ̀dọ̀ mi kọjá lóru àná.
Àlejò ni mo jẹ́ nínú rẹ,
ara rẹ sì ni onílé tó fẹ́ lé mi síta;
oògùn ló jókòó sáàárín wa, tó ń ṣìpẹ̀.
Bó bá kéré, onílé á fa kùmọ̀ yọ.
Bó bá pọ̀ jù, onílàjà fúnra rẹ̀ á pa àlejò.

O kọ orúkọ. O kọ ọjọ́.
*Aago mélòó lo lo oògùn alẹ́ àná?*
Kálàmù dúró. O wo fèrèsé.
Mẹ́jọ ló yẹ. Mẹ́jọ lo fẹ́ kọ.
Ṣùgbọ́n a jọ ta káàdì títí di aago mọ́kànlá,
mo rí páálí oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò iyọ̀,
mo dákẹ́, torí èmi ni mò ń jẹ.
"Kọ mọ́kànlá," ni mo wí.
"Ẹ̀jẹ̀ ò mọ ojú ẹnikẹ́ni, á tú wa fó."

Tẹ́lẹ̀, odidi Gudveig ló ń lọ:
ọkọ̀ ojú omi, bọ́ọ̀sì, rélùwéè,
kó lè na apá fún ìṣẹ́jú kan,
kó padà wá pẹ̀lú èébì ìgbì lára ẹ̀wù.
Ẹ̀kán mẹ́rin ló ń rìnrìn àjò báyìí, kì í bì.
Èmi ni mo ń di okùn lórí ọkọ̀ lẹ́tà.
Àpò lẹ́tà wà ńbẹ̀, mi ò fi í síbẹ̀.
Abẹ́ ẹ̀wù ni mo fi í sí, níbi tí àpá mi
ti máa ń yún mi bí òtútù bá mú.

Lọ́jọ́bọ̀, Synnøve á pè láti ilé ìwòsàn,
á dárúkọ nọ́ńbà kan.
Mi ò mọ ohun tí nọ́ńbà ń wí, ojú rẹ ni mo máa ń kà.
Bó o bá rẹ́rìn-ín, gbé káàdì jáde.
Tí aago mẹ́jọ bá lù, èmi ni n ó kọ́kọ́ ju tèmi sílẹ̀,
kódà bí mo bá ń jẹ.