Àárín Òǹtẹ̀ Méjì

Orrin Haldeman, bàbá mi, kì í tan iná òkè àjà
bó bá fẹ́ yẹ kọ́bọ̀ wò.
Àtùpà kan ṣoṣo ló ń lò, ó dà á dùbúlẹ̀ sórí tábìlì,
kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ rá wọlé bí olè,
kí ohunkóhun tó bá yọrí díẹ̀ lè ní òjìji.
"Iná tó bá ti òkè wá," ó ní, "irọ́ ló ń pa.
Ó ń sọ ohun gbogbo di pẹrẹsẹ."

Yàrá abẹ́ ilé la wà, ní Allentown,
yìnyín ti bo fèrèsé tí kò tóbi ju ìwé lọ.
Agolo kọ́fí mẹ́ta kún fún sẹ́ǹtì,
a ń dà wọ́n sórí aṣọ ìnura.
Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi dúró nídìí ẹ̀rọ
nílé tí wọ́n ti ń rọ owó ní Filadẹ́fíà;
etí òsì rẹ̀ kò bá a bọ̀ níbẹ̀.

Òǹtẹ̀ kan wà lókè, òǹtẹ̀ kan wà nísàlẹ̀,
pẹlẹbẹ bàbà tí kò tíì ní ojú a wọ àárín wọn.
Gbàm! Ó ti di owó.
Gbàm! Òmíràn.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí pẹlẹbẹ bá kọ̀ tí kò wọlé,
ẹ̀rọ ò mọ̀.
Òkè á já lu ìsàlẹ̀, irin á bá irin,
kò ní sí ohun tí yóò gba ìyà náà láàárín wọn.
Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì parí rẹ̀.
Irin ò mọ ìjà á parí.
Ohun tó wà lára ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára èkejì,
lódìlódì, bí ìwé tí a kà nínú dígí,
gbogbo owó tí wọ́n bá sì bí lẹ́yìn náà
á gbé àpá ìjà tí kò ṣojú rẹ̀.

"Fi ìka kàn án. Rárá, má kàn án, ọwọ́ rẹ ní òróró.
Fi awò wò ó."
Ọkùnrin onírùngbọ̀n náà kọjú sọ́tùn-ún.
N kò rí nǹkan kan. Imú. Kọ́là. Ọdún.
"Yí i díẹ̀. Díẹ̀ sí i."
Ìgbà náà ni mo rí wọn: àwọn òpó ilé tó wà lẹ́yìn owó
ti wá dúró gbọnrangandan níwájú ojú rẹ̀
bí irin fèrèsé ẹ̀wọ̀n.

Mo fi tèmi hàn án, tí mo ra ní dọ́là mọ́kànlá
lọ́wọ́ Lyle Trexler.
Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.
"Àpá tòótọ́ a máa yọ sókè. Eléyìí rì sínú.
Ẹnìkan ló kó kọ́bọ̀ méjì sẹ́nu fáìsì, tó fún wọn pọ̀.
Ìyẹn kì í ṣe ìjà. Èrú ni."

Lókè, à ń gbọ́ bàtà ìyá mi: sítóòfù, fìríìjì, àga.
Ó di ọdún méjì tí àwọn méjèèjì ò ti sọ ju
"lẹ́tà rẹ wà lórí tábìlì" fún ara wọn,
láti ìgbà tí Tobin, ẹ̀gbọ́n mi, ti di ẹrù sínú ọkọ̀
tó kọrí sí Alaska.
Òun ló máa ń jókòó sáàárín wọn nídìí oúnjẹ,
tí ń pa àwàdà,
tí ń gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá, ìyá mi gbé kọ́fí sọ̀kalẹ̀. Ife méjì.
Igun ẹnu ọ̀tún ni Bàbá máa ń fún pọ̀ bí inú bá ń bí i.
Mo wo ti ìyá mi lábẹ́ àtùpà yẹn:
igun òsì.
Ìgbà wo ló kọ́ ọ?

Ó gba awò lọ́wọ́ mi láìtọrọ,
ó dorí kodò sórí sẹ́ǹtì kan tí Bàbá ti jù
sínú abọ́ àwọn tí kò ní nǹkan lára.
"Orrin. Lábẹ́ àgbọ̀n. Ìlà kan wà níbẹ̀."

Bàbá yí etí ọ̀tún rẹ̀ sí i.
"Tún un sọ."