Ìṣísẹ̀ Méje Dé Ojú Fèrèsé

Láti òjò èṣí ni ìwé náà ti wà lára ògiri
ní yàrá ìgbẹ̀bí wa, ní Kétu níhìn-ín,
ìṣó kan lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ká kò bí ewé gbígbẹ.
Alángbá ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di ilé.
Wàsílátù ló gbé e ti Kutọnu bọ̀,
ó kà á lédè Faransé, ó tún un sọ lédè wa:
"Àwọn kan jókòó, wọ́n ṣa ìwádìí ayé jọ,
tibí, tọ̀hún, èyí tó dáa, èyí tó mẹ́hẹ,
wọ́n fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù,
ohun tó kù nínú atẹ ni pé
bí ọmọ bá dé, ẹ má sáré gé ìwọ́."
A ní a ti gbọ́.
A pàtẹ́wọ́.
A padà sẹ́nu iṣẹ́, a sì ń sáré gé ìwọ́.

Kì í ṣe orí kunkun.
Ọdún mẹ́tàlélógún ni ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà yìí:
ọmọ bọ́, dì í, gé e, ó tán.
Ọwọ́ kì í kàwé.
Obìnrin Ìlárá kan sì ń bọ̀ lẹ́yìn alùpùpù, ó ń ké;
ta ló ráyè dúró de iṣan?

Alẹ́ ọyẹ́ kan, iná lọ.
Mulikátù ń rọbí, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi.
Ọmọ já sí mi lọ́wọ́, ó ké.
Mo nawọ́ sí àwo: àlùmọ́gàjí ò sí níbẹ̀.
Mo wá a, wá a. Mo gbé ọmọ lé àyà ìyá rẹ̀.
Lábẹ́ ìka mi ìwọ́ ń lù kì, kì, kì,
bí ẹni tó ṣì lẹ́rù láti kó wọlé.
Nígbà tó dákẹ́, tó funfun, tó rọ̀,
ọmọ ti pọ́n bí ẹyìn.

Èmi ò ní purọ́: ọmọ kan kì í ṣe ẹ̀rí.
Àwọn tí mo sáré gé tiwọn náà pọ́n,
wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́bàá Ìdéná báyìí.
Ohun tí ojú mi ò lè rí ni ìwé yẹn rí:
ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà
kí abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ má baà funfun.
Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ̀yà; ìka kan ṣoṣo ni tèmi.

Ìyá àgbà Mulikátù rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn:
"Nígbà tiwa, a kì í gé e kí olóbì tó bọ́.
Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìkánjú.
Ṣé ẹ ti rìn yí po, ẹ wá bá wa nílé?"
Mo ní, "Màmá, ẹ kú ìdúró."
Mi ò sọ ti eérú tí wọ́n ń fi sójú ìwọ́ nígbà náà;
ìyẹn ò yege nínú atẹ.

Lówùúrọ̀ mo gbé àwo irin kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn,
mo gbé e sójú fèrèsé, ìṣísẹ̀ méje.
Kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, yóò rántí.
Ọmọ tí kò mí, ìyẹn yàtọ̀; fún ìyẹn, à á sáré.
A ti gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ yìí.
Mo yọ ìwé náà lára ògiri,
mo fa ìlà mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀.
Alángbá ti wá ilé mìíràn lọ.