Ojú-Ìwé Tó Tẹ̀lé Gbèsè Akinbọ̀dé

Mojírayọ̀, sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀ ná, jókòó.
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan. Má sì ké "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́"
kí n tó sọ ọ́ tán.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yẹ kòkó wò nílùú Oǹdó yìí.
Mo la hóró sí méjì, mo wo inú rẹ̀:
èyí gbẹ, èyí bu, èyí ni kòkòrò ti jẹ dé ọkàn.
N kò fi òǹtẹ̀ lu àpò tí n kò yẹ̀ wò rí.
Ṣé ara tèmi ni n ó wá dì ní ìdìkudì?

O rí Akinrọ̀pò, bùrọ̀dá mi.
Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ké bí ọmọ ẹyẹ,
rọ́bà nímú, rọ́bà lọ́fun,
wọ́n fi báńdéèjì so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì
kó má baà fà á yọ.
Ó fẹ́ fà á yọ.
Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.
Àwọn ọmọ rẹ̀ ń jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù:
èyí ní kí wọ́n tú u, èyí ní apànìyàn ni ẹ́.
Wọ́n ta oko Bàgbé kó lè rí èémí mí.
Èémí tán kí owó tó dé.

Nítorí náà mo kọ ọ́. Ó wà nínú ìwé aláwọ̀ búlúù,
lẹ́yìn ojú-ìwé tí gbèsè Akinbọ̀dé wà
(kò tíì san án o).

Bó bá ṣe ibà, ẹ gbé mi lọ. Ẹ gún mi lábẹ́rẹ́, ẹ fa omi sí mi lára.
N kò kọ ìwòsàn. Mo ṣì fẹ́ jẹ iyán Sátidé.
Ṣùgbọ́n bí dókítà bá yọ gíláàsì ojú rẹ̀,
tó ní ẹ̀rọ nìkan ló kù tó ń mí,
ẹ má jẹ́ kó bá mi mí in.
Ẹ má tẹ àyà mi títí egungun á fi ṣẹ́.
Oògùn ìrora ni kí ẹ bèèrè. Ẹ má ṣahun lórí ìyẹn.
Ẹ gbé mi wálé, sí yàrá tó kọjú sí àgbàlá,
kí n máa gbóòórùn kòkó tí wọ́n sá sóòrùn,
bó tilẹ̀ jẹ́ ti aládùúgbò.

Ìwọ ni mo yàn, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ.
Mo ti pè é ní Ìlọrin, mo ti sọ fún un.
Ó dákẹ́ títí káàdì mi fi tán.
Ọkàn rẹ̀ rọ̀ jù.
Ìwọ lo di ewúrẹ́ wa mú, ọmọ ọdún mẹ́wàá,
nígbà tí mo ń tú wáyà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
O ò sunkún àfìgbà tó tán.

Nọ́ọ̀sì Òdòjọmu ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́.
Buwọ́ lù ú. Rárá, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.
Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n.
Jẹ́ kó gbọ̀n.

Ó dáa. Gbé ìkòkò padà sórí iná.
Ebi ń pa mí.