Àgbébọ̀ Ojú Ọ̀run

Iná lọ nígbà tí ó ku bọ́tìnnì mọ́kànlá.
Ọjọ́ Ajé ni ilé ìwé ń wọlé,
yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ àdúgbò sì wà nílẹ̀ gègèrè,
òmíràn kò lọ́rùn, òmíràn kò lápò.
Mo fi ẹsẹ̀ ti máṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
mo ká ẹní, mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná gòkè.

Abẹ́ Òkúta ni wọ́n ń pe ìlú wa.
Orí rẹ̀ ni èmi ń lọ ní tèmi.

Àpáta ẹ̀yìn ilé wa kò lórúkọ,
kì í ṣe èyí tí àwọn àlejò ń sanwó gùn.
Ewúrẹ́ Ìyá Ṣóbùkọ́lá ló ni ín lọ́sàn-án,
àwa a máa sá láfún sí i bí òjò bá gbà.
Òjò oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ti fọ ojú ọ̀run láàárọ̀,
ó fọ̀ ọ́ bí àwo tí a fẹ́ fi gbé oúnjẹ fún àna.
Òkúta ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ẹní:
oòrùn tí ó jẹ ní ìrọ̀lẹ́ kò tíì dà nínú rẹ̀.

Fóònù gbọ̀n nínú àpò mi.
Ohùn Ìgè ni, ẹ̀fúùfù ń fá a ní etí.
Ìgè àbúrò mi,
ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yọ sáyé,
ẹsẹ̀ náà ni kò jẹ́ kó jókòó.
Ó di ọdún mẹ́fà tí ó ti la aṣálẹ̀ kọjá.
Ó ń ká àjàrà fún olóko ní erékùṣù kan
níbi tí òkè ti ń bì bí aboyún oṣù méjì,
iná pupa ni ó sì ń bì.

“Bíyẹmí, iyanrìn ibí dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ilẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ikùn ẹni tí ń sùn.
Òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀. A ká èso tán lónìí.
Mo dùbúlẹ̀ síta. Ṣé o rí Àgbébọ̀ lọ́hùn-ún?”

Àgbébọ̀: ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fara mọ́ra,
adìyẹ tó kó ọmọ lẹ́yìn.
Ìyá wa a máa kà wọ́n fún wa lórí àpáta yìí,
mẹ́fà, mẹ́fà ṣá ni.
Bí a bá bèèrè ìkeje, a ní àwòdì ti gbé e.
Ìgè sunkún nítorí òròmọdìyẹ yẹn
títí wọ́n fi fún un ní ẹyin sísè.

Mo wo ìlà oòrùn, lókè páànù dídípẹtà Ìkìjà.
Kò tíì sí nǹkan kan.
Ó wá yé mi: ọ̀dọ̀ Ìgè ni ó ti kọ́kọ́ ń yọ.
Adìyẹ náà yóò gba orí òkun, yóò gba orí aṣálẹ̀,
ọ̀nà tí Ìgè gbà lọ ni yóò gbà bọ̀,
láìní ìwé, láìsanwó fún ẹnikẹ́ni,
kí ó tó dé orí òkúta wa.

Mo ń dúró dè é
ni ariwo ta láti ìsàlẹ̀: iná dé!
Gílóòbù gbogbo là lẹ́ẹ̀kan,
ọ̀run sì ṣá, bí aró tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀.
Bọ́tìnnì mọ́kànlá ń pè mí.
Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i: “Mo rí i. Mẹ́fà.”

Irọ́ ni.

Mo ránṣọ títí ojú fi ń ta mí.
Nígbà tí iná tún lọ, àkùkọ kan ti ń dánra wò.
Mo jáde lọ da omi nù,
ó wà níbẹ̀, gangan lókè orí mi,
Àgbébọ̀ tòun ti àwọn ọmọ rẹ̀.
Òkúta ti tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi.
Mo kà wọ́n. Mo tún wọn kà.

Méje.

Bóyá oorun ló ń kùn mí lójú.
N kò tíì sọ fún un.